Oògùn kọ́ ló ń gba líìgì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, èmi ni mo ń bójú tó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa. Ìlú mẹ́fà la jọ ń gbá líìgì kan, ẹgbẹ́ kan náà ló sì ti ń gba ife fún ọdún mẹ́rin gbáko. Àwọn ọmọ mi ní wọ́n ń ri nǹkan mọ́lẹ̀ sẹ́nu gólì ni. Báwo ni ẹgbẹ́ kan ṣe ń jọba lórí líìgì báyìí? Kí ni àwa tí a kò lówó lè ṣe sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ gbẹ́lẹ̀ ẹnu gólì wọn wò. Ohun kan ni kí o kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ rẹ: mélòó nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yẹn lónìí ló wà lọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀? Bí wọ́n bá ti pé méjì, ọwọ́ wa ti ń ba ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Wo Bayern Munich. Ọdún 11 léra ni wọ́n fi gba líìgì Jámánì, láti 2013 títí di 2023. Dortmund ló gbà á ní 2011 àti 2012. Mario Götze kúrò ní Dortmund lọ bá Bayern ní 2013. Robert Lewandowski tẹ̀lé e ní 2014, àdéhùn rẹ̀ ti parí, Dortmund kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Mats Hummels náà lọ ní 2016. Bayern ń fún ara wọn lágbára, wọ́n sì ń yọ eyín lẹ́nu ẹni tó lè bù wọ́n jẹ. Láti ibẹ̀ ni owó á ti máa bí owó: ẹni tó gba líìgì ló ń lọ sí Champions League, owó tó bá kó bọ̀ níbẹ̀ ló sì ń fi ra àwọn tí yóò bá a gba líìgì ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò ló ṣubú. Gbèsè da Rangers ti Scotland wó ní 2012, ìpele kẹrin ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Celtic, orogún wọn, gba líìgì lọ́dún 9 léra, 2012 sí 2020.

Nílé wa níbí, Enyimba ti Aba kò gba líìgì rí kó tó di 2001. Láti ọdún náà sí 2007, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gbà á, wọ́n sì gba Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003 àti 2004. Owó ìjọba ìpínlẹ̀ Abia ló wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìjọba pọ̀ lọ súà nílẹ̀ yìí tí kò fọwọ́ kan ife rí. Lójú tèmi, owó tó ń dé lásìkò ju owó ńlá lọ.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan nígbà kan tí owó oṣù ti pé oṣù mẹ́ta tí kò wọlé. Mo ń ya ilà sára pátákó, mò ń fi bí a ó ṣe dènà kọ́nà hàn wọ́n. Aṣọ́lé wa tẹrí ba, ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ onílé rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kọ́nà mẹ́ta, gólì mẹ́ta. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìdí nìyí tí Remo Stars fi wù mí. Ìkẹ́nnẹ́ kéré sí Adó fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí Kunle Soname dá sílẹ̀ yìí ní pápá tiwọn, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọdé. Wọ́n ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà ní 2023, wọ́n tún ṣe é ní 2024. Alága mìíràn ì bá ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò lé Daniel Ogunmodede, ife sì dé ní 2025.

Nítorí náà, má bá wọn du owó. Kọ ìwé ránpẹ́ pẹ̀lú òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún sáà kan, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un mọ̀ pé òun máa san nǹkan, ì báà ṣe bàtà mẹ́wàá àti bọ́ọ̀lù mẹ́rin. Owó ọkọ̀ kékeré tí o bá ṣèlérí, dá ọjọ́ fún un, kó má yẹ̀.

Èyí tí ẹ ń fojú fò dá jù ni ìrìnàjò. Nílé, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń borí. Àmì tí ẹ bá gbé bọ̀ láti ìdálẹ̀ ló ń gba ife. Bí ẹ bá ń lọ sí Ìkọ̀lé, má kó ọmọ 18 há bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ eré, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ wíwú. Lọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ ò ní ṣàì rí ará Ìkẹ́rẹ́ kan níbẹ̀ tó máa gúnyán fún wọn.

Bayern náà rí ẹni dá wọn dúró. Ní oṣù kẹwàá 2022, ipò kejì láti ìsàlẹ̀ líìgì Jámánì ni Bayer Leverkusen wà nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Xabi Alonso dé. Ní 2024 wọ́n gba líìgì, ẹnikẹ́ni kò sì nà wọ́n nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ló ni ẹgbẹ́ náà lóòótọ́, àmọ́ oògùn orífífọ́ ni o. Bá mi sọ fún àwọn ọmọ rẹ.