Káàdì Pokémon wo ló wúlò nínú eré? Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Manchester ni mo ń gbé, àwọn ìbejì mi ọkùnrin sì ti pé ọmọ ọdún 9. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí káàdì Pokémon ti gbà wọ́n lọ́kàn, èmi ni mo sì ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní gbogbo Sátidé, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi í figagbága. Táyé ń kó gbogbo èyí tó bá ti ń dán jọ, Kẹ́hìndé ń fara wé e, àwọn méjèèjì sì ń fìdí rẹmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Táyé kó káàdì Boss's Orders méjì fún ọmọ kan, ó sì gba káàdì ẹyọ kan tó ń kọ mànà dípò wọn. Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n wọn bú sẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Èmi kò rí ibi tí ìrẹ́jẹ wà, torí lójú tèmi, èyí tó gbà lẹ́wà ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ. Wọ́n tún ní kí n ra Charizard kan tí owó rẹ̀ tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé wa, pé òun ni yóò jẹ́ kí àwọn máa borí. N kò bèèrè iye tí ènìyàn lè rí lórí káàdì bó bá fẹ́ ṣòwò rẹ̀ o. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń wo káàdì kan ṣoṣo tí yóò fi mọ̀ bóyá ó wúlò fún eré. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá aláìmọ̀kan sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ọlọ́run yóò bá wa wò wọ́n. London ni èmi wà, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 sì ti wà lẹ́nu eré yìí fún ọdún mẹ́rin, nítorí náà, mo ti náwó tí kò yẹ kí n ná, mo sì ti kọ́gbọ́n díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti mọ̀. Ó dá mi lójú pé ẹ ti ta Whot rí. Bí wọ́n bá pín 20 fún yín, inú yín máa ń dùn, kì í ṣe nítorí àwòrán ara rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé orí ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ ni ẹ lè jù ú sí, ẹ̀yin lẹ óò sì pàṣẹ àwòrán tí ẹni tó kàn yóò jù. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá kígbe pé káàdì kan ló kù lọ́wọ́ òun, tí 20 yẹn sì wà lọ́wọ́ yín síbẹ̀, àyà yín á já, torí bí wọ́n bá ní kí a ka káàdì, 20 gbáko ni yóò hù sí yín lọ́rùn. Káàdì kan náà ni ó, ìgbà tó bá yín lọ́wọ́ ló yàtọ̀. Láti kékeré ni ẹ ti ń díwọ̀n káàdì láìmọ̀, ohun tí Pokémon fi kún un ni pé káàdì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni kó tó ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wa kì í sì í ka apá ibẹ̀.

Mo ní láti sọ òfin díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Dẹ́ẹ̀kì jẹ́ káàdì 60 géérégé, káàdì tó bá jẹ́ orúkọ kan náà kò sì gbọdọ̀ ju 4 lọ, àyàfi Basic Energy, ìyẹn káàdì agbára lásán tí Pokémon nílò kó tó lè lu ẹnìkejì. Ènìyàn ń fa 7 sọ́wọ́, ó sì ń da 6 dojú bolẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Prize. Bó bá pa Pokémon ẹnìkejì, yóò mú nínú Prize tirẹ̀, ọ̀nà tó sì wọ́pọ̀ jù láti borí ni kí ènìyàn tètè kó 6 tán. Ìgbàkúgbà tí eré bá kan ènìyàn, Energy ẹyọ kan péré ló lè so mọ́ Pokémon rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ há gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí sórí.

Ní ọdún 1999, nígbà tí káàdì yìí kọ́kọ́ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, Charizard ni gbogbo ọmọ ń wá. HP rẹ̀, ìyẹn iye ìyà tó lè jẹ kó tó kú, jẹ́ 120, ìlù rẹ̀, ìyẹn iye ìyà tó fi ń jẹ ẹnìkejì, sì jẹ́ 100, èyí tó tó láti fi pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn Pokémon ìgbà yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títí di òní, àwọn tó ń kó káàdì jọ ṣì ń san owó tabua lórí rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ń gbà. Charmander ni yóò kọ́kọ́ jáde, a kò sì gbọdọ̀ sọ Pokémon di àgbà ní ìgbà kan náà tí a gbé e sílẹ̀, nítorí náà, ẹ óò dúró kó tún kàn yín kí ẹ tó fi Charmeleon lé e, ẹ óò sì tún dúró kí ẹ tó fi Charizard lé ìyẹn. Energy 4 ni ìlù náà ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ń so. Bó bá jẹ́ Energy lásán lẹ ń so, ó di ìgbà kẹrin tó bá kàn yín kó tó lè na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, Energy 2 yóò sì bá ìlù náà lọ, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í so méjì mìíràn kó tó lè lu ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Nínú àkójọ kan náà ni Hitmonchan wà. Basic ni, ìyẹn ni pé kò nílò kó dàgbà láti ara ẹnikẹ́ni, HP rẹ̀ jẹ́ 70, Energy ẹyọ kan péré ló sì ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ènìyàn ní ẹ̀ṣẹ́ 20. Charmander ní HP 50. Bí Charmeleon kò bá tètè wọlé, ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta ti tó, Charizard olówó ńlá yóò sì di bébà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí n má purọ́ fún yín, bí Charizard náà bá rójú jókòó, ẹ̀ṣẹ́ 20 yẹn kò ràn án rárá, torí ó máa ń yọ 30 kúrò nínú ìlù àwọn oníjàkadì bíi Hitmonchan, ṣùgbọ́n kí ó tó jókòó ni wàhálà wà. Àwọn ọ̀jẹ̀ ìgbà náà kó Hitmonchan, Electabuzz àti Scyther pọ̀ sínú dẹ́ẹ̀kì kan tí wọ́n ń pè ní Haymaker, wọ́n sì fi káàdì bíi Bill kún un, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ènìyàn fa káàdì 2 lọ, tí ó sì wà káàkiri bí iyanrìn. Dẹ́ẹ̀kì yẹn ni wọ́n fi ń na àwọn ọlọ́mọ Charizard.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò lára káàdì ni iye ìgbà tó máa dá mi dúró kó tó ṣe ohun tó ṣèlérí, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń wo bí ìlérí náà ṣe tóbi tó. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní sọ pé Charizard tí àwọn ìbejì ń bèèrè kò dára, bó bá jẹ́ Charizard ex tó jáde nínú àkójọ Obsidian Flames ní 2023 ni. Ìpele kẹta ni ìyẹn náà wà, ṣùgbọ́n káàdì kan wà tí ń jẹ́ Rare Candy tó ń jẹ́ kí ènìyàn fo Charmeleon, tí Charizard ex bá sì ti gorí Charmander báyìí, yóò wọ inú dẹ́ẹ̀kì lọ mú Energy iná tó 3 wá, yóò sì jẹ́ kí ẹ so wọ́n mọ́ àwọn Pokémon yín lójú ẹsẹ̀. Energy 2 ni ìlù rẹ̀ ń gbà. Ó ń lu 180, ó sì ń fi 30 kún un fún Prize kọ̀ọ̀kan tí ẹnìkejì ti mú, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ṣe ń borí yín tó ni ọwọ́ rẹ̀ ń le tó. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ara káàdì yìí ti san gbèsè ìdúró náà sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ra èyí tó gbówó lérí. Ẹ̀dà tí ayàwòrán fi ọ̀dà rìn láti etí dé etí àti ẹ̀dà lásán tí kò tó ìdá kékeré nínú owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára wọn, HP 330 kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe nínú eré. Láìsí Charmander tó pọ̀ tó àti Rare Candy nínú dẹ́ẹ̀kì, èyíkéyìí tí ẹ bá rà nínú méjèèjì, inú fáìlì ni yóò wà.

Lórí tábìlì ìdáná wa, bébà alálẹ̀mọ́ kékeré kan wà tí mo máa ń fi bo orúkọ àti àwòrán káàdì tuntun, tí yóò fi jẹ́ pé nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ nìkan ni ọmọ mi ń rí. Lọ́jọ́ kan, mo fi káàdì méjì síwájú rẹ̀, ọ̀kan ń lu 120 fún Energy 3, èkejì ń lu 70 fún Energy 1. Ó nawọ́ sí 120. Mo wá bi í pé ìlù mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi pa Pokémon tí HP rẹ̀ jẹ́ 130. Ó ṣírò ó, ó dákẹ́. Ìlù méjì ni méjèèjì. Nọ́ńbà ńlá kò já mọ́ nǹkan bí kò bá ré ẹnu ọ̀nà ikú ẹnìkejì kọjá, ó sì yẹ kí ẹ mọ HP àwọn Pokémon tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ń lò kí ẹ tó mọ nọ́ńbà tó tó.

Ní ti Boss's Orders, ẹ̀gbọ́n wọn kò parọ́. Iṣẹ́ káàdì náà ni láti fa Pokémon kan tí ẹnìkejì fi pamọ́ sẹ́yìn wá síwájú, kí ẹ lè lu èyí tó wù yín dípò èyí tó fi dí yín lọ́nà. Ẹ rò ó wò: ẹnìkejì ti gbé ọba rẹ̀ síwájú, ẹ kò lè pa á, ṣùgbọ́n aláìlera kan wà lẹ́yìn tó kù díẹ̀ kó kú, Prize kan ló sì kù fún yín. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni Táyé fi ṣe pààrọ̀. Ohun tó mú káàdì náà níye lórí ni pé kò sí irú dẹ́ẹ̀kì tí kò bá mu, bí eré bá sì ti ń lọ sópin, kì í ṣòro láti rí ìlò fún un. Ultra Ball náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun a máa gba káàdì 2 lọ́wọ́ ẹni kó tó lọ wá Pokémon wá, ọmọdé a sì máa fi ojú àdánù wo ìyẹn. Ọmọbìnrin mi sunkún nígbà àkọ́kọ́ tó lo Professor's Research, tó ní kó da gbogbo ọwọ́ rẹ̀ nù kó sì fa 7 tuntun. Ní báyìí, 4 ló wà nínú dẹ́ẹ̀kì rẹ̀.

Ìdí tí 4 fi ṣe pàtàkì rèé. Bí káàdì kan bá jẹ́ 4 nínú 60, nínú ọgọ́rùn-ún eré, nǹkan bí 40 ni ẹ óò ti rí ó kéré tán ẹyọ kan nínú 7 àkọ́kọ́ yín. Bó bá jẹ́ ẹyọ 1, nǹkan bí 12 péré ni, ẹyọ yẹn sì tún lè há sínú Prize nígbà kan nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, káàdì tí ẹ kò bá fẹ́ ní ju ẹyọ kan lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ lè borí láìrí i. Mo fura pé àwọn ìbejì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbogbo ohun tó ń dán láyé.

Ẹ tún wo ohun tí ikú káàdì yóò ná yín. Bí ẹnìkejì bá pa Pokémon ex, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ ex mọ́ orúkọ rẹ̀, tí kì í sì í ṣe Mega, Prize 2 ló ń mú, Pokémon lásán kò sì ju 1 lọ. Ex mẹ́ta kú, eré parí. Èyí ló fà á tí Pokémon aláìníláárí kan tó ń lu díẹ̀ fi lè ṣe yín láǹfààní ju ọlọ́lá lọ, torí yóò fi agbára ẹnìkejì ṣòfò lórí Prize ẹyọ kan.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo lẹ́tà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì káàdì. Lẹ́tà yẹn ló ń sọ bóyá ìdíje Standard ṣì ń gbà á, ọdọọdún sì ni wọ́n ń yọ èyí tó ti pẹ́. Bí wọ́n bá tún káàdì kan náà tẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tuntun, ti àtijọ́ tó wà nílé yín náà ṣì ṣeé lò, èyí sì ti yọ èmi nínú ìnáwó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọ̀rọ̀ káàdì kan bá sì ń da yín láàmú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sí dẹ́ẹ̀kì fún eré mẹ́wàá nílé, kí Táyé bá Kẹ́hìndé fi í ṣeré, kí ẹ sì fún wọn ní bébà kan. Nígbàkígbà tí káàdì náà bá wọ ọwọ́, kí ẹni tó fà á fa ìlà sápá kan bí inú rẹ̀ bá dùn, kó fa á sápá kejì bó bá wù ú kó jẹ́ káàdì mìíràn. Ọmọ mi ní Pokémon ìpele kẹta kan tó fẹ́ràn dọ́ba, ìlà méjì ló rí ní apá ayọ̀, mẹ́fà ní apá kejì. N kò ní láti bá a jiyàn. Ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì fi í há ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, ibẹ̀ ló wà títí di ìsinsìnyí.

Ẹ má jẹ́ kí Táyé lọ bá ọmọ yẹn fa wàhálà. Ẹ ra ẹ̀dà Boss's Orders lásán méjì padà lẹ́yọlẹ́yọ, ẹ má sì torí rẹ̀ ra pákẹ́ẹ̀tì, torí pákẹ́ẹ̀tì kò mọ ohun tí ẹ ń wá. Kí Kẹ́hìndé kọ orúkọ àti iye gbogbo káàdì 60 rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ọmọbìnrin mi ti ní òun fẹ́ kọ́kọ́ ka iye Basic tó wà níbẹ̀, ó sì ti ń wá bírò pupa.