Kí ẹ tó sọ pé káàdì adójútòfò ìlera kò wúlò

Arákùnrin mi tí ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ forúkọ ìyàwó yín tí ó lóyún oṣù mẹ́rin sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀kadà ni ẹ ń gùn jẹun níbí ní Òṣogbo: ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bí èmi ti ṣe é.

Ètò kan wà tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ tálákà. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ni ó pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún un sọ́tọ̀, apá kan rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn aláìní, aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó àti aláàbọ̀ ara ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù wọn. Àyè ibẹ̀ níye. Ẹni tí kò bá rí i gbà lè san owó ọdún sí ètò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òfin ọdún 2022 tilẹ̀ sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ẹni tí wọ́n fi ipá mú ní àdúgbò wa rí.

Ìyàwó tèmi ni mo fi kọ́gbọ́n. A gba káàdì, mo fi í há inú Bíbélì, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lóru ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dà lára ìyàwó mi nígbà oyún àkọ́kọ́, inú kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni mo gbé e sí, a kọjá níwájú ilé ìwòsàn alábọ́dé tí a forúkọ sí gan-an, ó di ilé ìwòsàn ńlá kan. Akọ̀wé tí ó wà nídìí fèrèsé yí káàdì náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ta ló rán yín wá? Ìwé wọn dà?" Kò sí ìwé, nítorí a kò yà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó yẹ kí ó kọ ọ́. Orúkọ ilé bàbá ìyàwó mi ni ó sì wà lórí NIN rẹ̀, orúkọ tèmi ni ó wà lórí káàdì. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì ni mo tà kí a tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà oyún kejì, a kọ́kọ́ tún orúkọ ṣe. Ilé ìwòsàn alábọ́dé yẹn ni ó ti ń gba ìtọ́jú aboyún. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru ní oṣù keje, nọ́ọ̀sì kọ ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n sì béèrè kóòdù ìyọ̀ǹda, ìyẹn nọ́ńbà tí ètò náà fi ń fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tọ́jú wa níbẹ̀, kí a tó kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ibi tí inú ṣì ń bí mi sí ni oògùn: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ fún wa pé ó ti tán, tí a fi owó ara wa rà á ní ìta.

Bí ó bá di pàjáwìrì, ẹ má torí ìwé fi ẹ̀mí tàfàlà. Ẹ máa gbé e lọ, kí ẹlòmíràn máa pe nọ́ńbà tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ bí ẹ ti ń lọ. Kí ìyàwó yín fúnra rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ o, tòun ti NIN rẹ̀, kí ó sì ka orúkọ tí wọ́n bá kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó dìde.