Ésì méjì ń ṣiṣẹ́ nínú jíìmù mi, síbẹ̀ inú rẹ̀ há, ó sì ń rùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ́ńjíníà. Mo ní jíìmù kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkè-Fìà, níbí l'Óṣogbo. Yàrá náà gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 8, àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Ésì ara ògiri méjì ló wà níbẹ̀, mo sì máa ń ti gbogbo wíńdò pa kí òtútù má baà jáde. Iwájú tó kọjú sí títì nìkan ni wíńdò wà. Ògiri ẹ̀yìn ò ní ju wíńdò ilé ìyàgbẹ́ lọ. Àwọn bí 20 ló máa ń wá láàárín aago 5 sí aago 8 alẹ́. Tó bá fi máa di aago 7, òórùn òógùn á ti gba gbogbo yàrá, àwọn kan á ní orí ń fọ́ àwọn. Tí NEPA bá mú iná, a ń tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo ti fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ésì kẹta fún mi. Ṣé ìyẹn á yanjú ẹ̀, àbí ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì san ìyókù owó ésì yẹn. Ká tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ bi àwọn tí orí ń fọ́ yẹn léèrè: ṣé ojoojúmọ́ ni, àbí ọjọ́ tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ nìkan? Ìdáhùn wọn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní kábọ́ọ̀nù mònọ́kísáìdì nínú. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta èèyàn nímú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ààyè tó yẹ kí ọ́síjìn wà ló sì ń gbà. Orí fífọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òòyì á tẹ̀lé e, inú á máa rìn, ẹni náà lè dákú, ó sì lè kú. Ẹni tó ń sáré lórí treadmill ń mí gúlegúle, nítorí náà á tètè wọ̀ ọ́ lára ju ẹni tó jókòó ti káńtà lọ.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ni, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ẹ gbé e kúrò nítòsí ilé, ó kéré tán mítà 6 sí wíńdò tàbí ilẹ̀kùn èyíkéyìí, tiyín àti ti aládùúgbò, kí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì kọjú síbòmíì. Tí ẹ̀yìnkùlé yín ò bá gbà á, ẹ pa á, kí wọ́n lágùn-ún lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n. Ẹ tún ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké tí gáàsì yìí bá wọlé, kí ẹ gbé e kọ́ ògiri. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó tún ń dùn mí: Òṣogbo yìí náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ a ò lè sọ̀rọ̀ jíìmù lásán ká má dárúkọ jẹnẹrétọ̀.

Tó bá wá jẹ́ ojoojúmọ́ ni orí ń fọ́ wọn, iná wà o, iná ò sí o, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ti bàjẹ́. Ésì kẹta ò sì lè tún un ṣe, torí ésì ara ògiri kì í gba afẹ́fẹ́ kankan wọlé láti ìta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀. Wọ́n rí apá tó wà níta tó ń fẹ́ ooru, wọ́n rí páìpù tó gba inú ògiri wọlé, wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ bọ̀. Gáàsì ló wà nínú páìpù yẹn, ooru nìkan ló sì ń gbé jáde. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá yín láago 5 ni ésì ń fà látòkè, tó ń tú jáde nísàlẹ̀, tó tún ń fà, títí aago 8 á fi lù. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń fi omi kan náà fọ aṣọ gbogbo ilé. Omi ọ̀hún lè tutù nini, ìdọ̀tí náà ni.

Ẹ wá wo ohun tí èèyàn 20 ń ṣe sí afẹ́fẹ́ yẹn. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bíi lítà 6 sí 8 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń sáré dáadáa, ó lè lé ní lítà 60. Nínú èémí tó ń mí síta, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ni kábọ́ọ̀nù dàíọ́kísáìdì, nígbà tí ti ìta gbangba kò ju nǹkan bí ìdá 0.04 lọ. Òógùn wọn ń di ọ̀rinrin, ọ̀rinrin ń lẹ̀ mọ́ ẹní róbà àti igun àjà, ibẹ̀ á wá máa bu. Ẹni tó bá gbé ọ̀fìnkìn wá sì ń pín in káàkiri. Ní 2020, nígbà Kòrónà, ní ìlú Cheonan ní Kòríà Gúúsù, wọ́n tọpa àrùn náà dé kíláàsì ijó ìdárayá ní ilé ìdárayá 12, èèyàn 112 ló sì jẹ mọ́ ọn. Olùkọ́ kan wà lára wọn tó jẹ́ ìdárayá jẹ́jẹ́, yoga àti Pilates, ló ń kọ́ àwọn èèyàn díẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó kó o. Àárín èèyàn púpọ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú yàrá híhá ni wàhálà wà.

Mélòó wá ni afẹ́fẹ́ tuntun tí ẹ nílò? ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹ́ńjíníà iṣẹ́ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní 62.1. Fún ilé ìdárayá, ó ní kí lítà 10 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká fi lítà 0.3 kún un fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan nílẹ̀. Tiyín á wá jẹ́ lítà 200 fún èèyàn 20, àti 24 fún ilẹ̀, àpapọ̀ 224. Nínú wákàtí kan, ìyẹn tó nǹkan bí 806 mítà kúbíìkì. Ohun tí yàrá yín gbà jẹ́ 240, nítorí náà gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní láti yípo ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí kan. Bó ṣe kéré jù nìyẹn o. Tí àwọn 20 náà bá jọ ń fò sókè fò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, bíi 1,600.

Wíńdò iwájú nìkan ò lè gbé ìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí kò ríbi jáde kì í wọlé púpọ̀. Wíńdò onídígí tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí náà, ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí. Lúfà àtijọ́ tí a yọ dànù nítorí fáàrí, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀ ló ń ṣí. Ẹ pe bíríkìlà kó lu ògiri ẹ̀yìn lókè nítòsí àjà, kí oníṣẹ́ iná gbé fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde síbẹ̀, ẹyọ méjì. Òkè ni ooru ń lọ, òkè la ti ń lé e jáde. Iye mítà kúbíìkì tí fáànù ń fà ní wákàtí máa ń wà lára páálí rẹ̀; ẹ má fi bó ṣe tóbi lójú rà á. Ẹ rà á kí àpapọ̀ méjèèjì ju ohun tí a ṣírò lọ díẹ̀, torí ìdérí àti eruku á dín agbára rẹ̀ kù.

Kí fáànù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ṣí wíńdò mẹ́ta níwájú díẹ̀díẹ̀, kí àlàfo wọn lápapọ̀ tó ìdajì mítà onígun mẹ́rin. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Mo wọ jíìmù kan nílùú yìí tí wọ́n ti gbé fáànù ńlá sí, tí òórùn ibẹ̀ sì wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo nà án síwájú wíńdò. Kò mì, torí wọ́n ti tì í pa. Mo gbé e lọ sábẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́, ló bá fẹ́ lẹ̀ẹ́ sínú yàrá, ó nà tọ́ọ́. Ibi tí fáànù rí ló ti ń fa afẹ́fẹ́, ṣáláńgá ló sì rí. Ní tiyín, wíńdò ilé ìyàgbẹ́ kọjú sí jẹnẹrétọ̀, nítorí náà ẹ máa ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, kí ẹ sì fi tíṣù dán an wò fúnra yín. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wíńdò náà. Tí eruku bá dí i, kò yàtọ̀ sí ògiri.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní òtútù á jáde. Ó máa jáde díẹ̀ lóòótọ́. Ẹ gbé fáànù àjà sókè, ẹ fi ésì sí 24 tàbí 25 dípò 16. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lára ẹni tó ń làágùn ló ń tù ú jù. Tí gbogbo wọn bá lọ tán, ẹ ṣí wíńdò, kí fáànù tó ń fà jáde máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kí ẹní róbà lè gbẹ.

Nígbà ọyẹ́, eruku á fẹ́ wọlé, torí atẹ́gùn àríwá ìlà-oòrùn ló ń gbé e wá. Ẹ dín àlàfo wíńdò tó kọjú sí ibẹ̀ kù, ẹ má tì í pa. Àkókò yẹn ni ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ wúlò díẹ̀, torí ó ń gba eruku. Kì í yọ kábọ́ọ̀nù dàíọ́kísáìdì, kì í sì í yọ gáàsì jẹnẹrétọ̀. Lọ́fíńdà tí wọ́n ń fín sínú yàrá ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń fọ ilé ìyàgbẹ́ pé kó má da Hypo pọ̀ mọ́ ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ àwo ìyàgbẹ́. Gáàsì tó ń jáde láti inú rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí gbà, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ka kábọ́ọ̀nù dàíọ́kísáìdì. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ NDIR sí lára, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kàn ń méfò ni. Níta, á ka nǹkan bíi 420 ppm, ìyẹn 420 nínú mílíọ̀nù kan. Nínú jíìmù láago 7, tó bá ń kọjá 1,500, ẹ ṣí wíńdò sí i.

Ní ti owó tó wà lọ́dọ̀ ontajà, ẹ lọ bá a pé kó fi fáànù méjì tí ń fà jáde àti fáànù àjà dí i fún yín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, owó yín sì lè ṣẹ́kù.