Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ni Yóò Gbé Ìnáwó Oyún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Aránṣọ ni mí ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Mo lóyún oṣù mẹ́fà fún ọkùnrin kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Ìlésà. A kò tíì ṣe ìgbéyàwó. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá sí ilé wa, wọ́n sì gba oyún náà lójú àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò fún mi ní kọ́bọ̀. Ó ní bí ọmọ bá dé, òun yóò ṣe ojúṣe òun. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ní Amẹ́ríkà, òfin ń mú bàbá sanwó láti inú oyún. Ǹjẹ́ irú rẹ̀ wà fún wa?
– Aboyún, Lágere

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ẹ gbọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà kàn, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ẹbí tirẹ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Utah ṣòfin ní 2021 pé kí bàbá san ìdajì owó ìtọ́jú oyún àti ti ìbímọ. Bí ọkùnrin bá sì sọ pé òun kọ́ ni ó ni oyún, kò ní san án títí a óò fi rí i dájú pé òun ni. Georgia náà ní irú rẹ̀ nínú òfin tí wọ́n ṣe ní 2019. Ti Jámánì ló jinlẹ̀ jù lójú tèmi: bàbá tí kò fẹ́ ìyá ọmọ sílé gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà obìnrin náà láti ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ títí di ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì gbé ìnáwó tí oyún bá fà; bí oyún kò bá sì jẹ́ kí obìnrin náà lè ṣiṣẹ́, ojúṣe náà lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 4 ṣáájú ìbímọ.

Nílẹ̀ wa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ni a ó kọ́kọ́ wò, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀ ní 2007. Abala 14 òfin àpapọ̀ náà sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe tó, ó sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé Kóòtù Ẹbí. Ibi tí ó kù sí ni pé ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ọdún 18 ni òfin ń pè ní ọmọ, ìgbà tí a bá sì bíni ni a ti ń ka ọjọ́ orí. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ó pàṣẹ iye tí ọkùnrin yóò máa fún aboyún. Àlàfo ńlá ni mo kà èyí sí, nítorí kò sí bí ọmọ inú yóò ṣe yó bí ìyá rẹ̀ kò bá jẹun. Síbẹ̀, abala 17 jẹ́ kí ọmọ lè pe ẹni tí ó fi àìbìkítà pa á lára lẹ́jọ́, ìbáà jẹ́ kí a tó bí i. Ẹni tí ó bá ń sọ pé kò sí ohun tí ó kan òun àfi tí ọmọ bá dé, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òfin tì lẹ́yìn.

Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ni gbígbà tí wọ́n gba oyún náà, ẹ má jẹ́ kí ó mọ sórí ẹnu. Kí àwọn òbí yín tún pe ìpàdé, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà pé òun ni bàbá, kí ó bu ọwọ́ lù ú, kí ẹlẹ́rìí láti ìhà méjèèjì náà bu ọwọ́ lù ú. Ẹ tọ́jú káàdì aboyún yín àti gbogbo rísíìtì. Ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì kọ ẹrù ìbímọ sí, láti orí òwú títí dé ike tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kọ iye tí ẹ ra ohun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti mẹ́nu ba oyún rẹ́ lórí fóònù yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́ífíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Bí kò bá gbọ́, àjọ Legal Aid Council, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti ran aláìní lọ́wọ́ nínú ẹjọ́, tàbí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, FIDA, ló kàn. Bí ó bá yí ohùn padà lẹ́yìn ìbímọ, kóòtù lè pàṣẹ àyẹ̀wò DNA. Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tí ó ní ìwé owó oṣù, nítorí náà ẹ wá ẹni tí ó mọ bí ọjà ṣe ń lọ sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tí adájọ́ yóò fi mọ agbára rẹ̀ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin kú lójijì, kò sì kọ ìwé ìhágún. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Àwọn ẹbí ní kí a pín ogún kíákíá, wọ́n ní ẹni tí a kò tíì bí kò ní ìpín.
– Ìyá Àgbà, Ìlésà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀fọ̀, Màmá, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹbí kò tọ̀nà. Abala 17 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí mo dárúkọ lókè sọ ọ́ ní kedere pé bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ọmọ tí ó ti wà nínú oyún kí ó tó kú gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí a ó rò mọ́ ogún. Ìbáà jẹ́ ìdí-igi (pípín gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó) tàbí orí-ò-jorí (pípín gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ) ni ẹ fẹ́ fi pín in, ẹ ní kí wọ́n dá a dúró títí ìyàwó yóò fi sọ̀ kalẹ̀.