Ṣé àrokò ni íntánẹ́ẹ̀tì àwọn baba wa?

Ẹnì kan béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn kan máa ń sọ, pé àrokò ni íntánẹ́ẹ̀tì àwọn baba wa. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ìrìn àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń gbé e lọ.

Ẹni tó bá pa àrokò ránṣẹ́ sí ọ, nǹkan ló kó lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́, kò rán an ní gbólóhùn kankan. Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn kan, ẹ̀fà nìyẹn: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ, mo fara mọ́ ọn. Ẹyọ méjì tí a so ní ojú kojú, àárín wa gún, mo sì fẹ́ ká ríra. Bí a bá fi ìyẹ́ ẹyẹ kún un, kí o tètè máa bọ̀ ni. Ẹyọ méjì kan náà yẹn, bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn kẹ̀yìn, ìjà ti dé. Gollmer, òjíṣẹ́ CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) tó gbé láàárín wa láyé ọjọ́un, kọ irú àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885.

Ìránṣẹ́ á gbé e sínú àpò, á gba ọ̀dọ̀ oníbodè kọjá. Oníbodè lè tú àpò wò, ó lè ka ẹyọ náà títí. Lóòótọ́, àwọn àrokò kan wà tí gbogbo àgbà ìlú mọ̀, àmọ́ èyí tó bá jẹ́ ti àṣírí, àárín ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Inú rẹ̀ ló ti ń di odindi.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Ká ní abiyamọ kan ní Ìbàdàn fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ tuntun ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Fóònù á gé fọ́tò náà wẹ́wẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju báìtì 1,500 lọ (báìtì ni wọ́n fi ń wọn ìtóbi ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà). Á kọ àdírẹ́sì ibi tó ti wá, ibi tó ń lọ àti ipò rẹ̀ láàárín àwọn yòókù sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ló gbé wọn dé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ibẹ̀, wáyà ló kù: abẹ́ ilẹ̀ dé Èkó, abẹ́ òkun dé Yúróòpù. Lára wáyà abẹ́ òkun wọ̀nyí, MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, Equiano gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Gíláàsì tín-ín-rín ló wà nínú wáyà wọ̀nyí, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ sáré. Ègé kan lè gba ìhín, kí èkejì gba ọ̀hún. Èyí tó bá sọnù, wọ́n á tún fi í ránṣẹ́. Ní March 14, 2024, mélòó kan nínú àwọn wáyà yìí bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ báńkì àti fóònù dàrú ní Nàìjíríà àti Gánà, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kú, torí wọ́n darí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gba àwọn wáyà tó kù. Àrokò ò lè ṣe ìyẹn. Bí ìránṣẹ́ bá kú sọ́nà, ọ̀rọ̀ bá a kú.

Àmọ́ ẹ wo gbogbo àwọn tí ègé wọ̀nyí gba ọwọ́ wọn kọjá! Ilé-iṣẹ́ fóònù, àwọn tó ni wáyà, WhatsApp fúnra rẹ̀: oníbodè ni gbogbo wọn. Láti April 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ gbogbo oníbàárà rẹ̀ pa láti fóònù kan dé èkejì. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni fóònù ẹ̀gbọ́n yẹn ní. Ọ̀kan wà níta, òun ni fóònù àbúrò fi ti fọ́tò náà pa. Èkejì, tó ń ṣí i, kì í kúrò nínú fóònù tirẹ̀. Ẹni tó bá já a gbà lọ́nà á rí nǹkan jágbajàgba tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ohun tí WhatsApp fúnra rẹ̀ ṣì lè mọ̀ ni ẹni tó ránṣẹ́, ẹni tó gbà á àti àkókò tó lọ, bí oníbodè ṣe mọ̀ pé ìránṣẹ́ Ìjẹ̀bú ló ń kọjá.

Ìdí nìyí tí gbájúẹ̀ kì í fi í ṣe wàhálà lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á pè ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́, wọ́n á ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣèèṣì wọlé sórí fóònù rẹ, kí o jọ̀ọ́ kà á fún wọn. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á fi gba WhatsApp rẹ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yáwó lórúkọ rẹ lọ́wọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí àti ẹgbẹ́ àjọ rẹ. Má kà á fún ẹnikẹ́ni. Lọ sí ibi ètò inú WhatsApp, kí o fi PIN tìrẹ kún un. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tó ń lọ sórí Google Drive náà ńkọ́? Àyàfi bí o bá tan ìtìpa tirẹ̀, tó wà láti 2021, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò dé ibẹ̀.