Eyín tí kò dùn lè dá ológun dúró sílé

Ẹ ti béèrè ìdí tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi kọ Kíláàsì 3, ìyẹn ipò ẹni tí eyín rẹ̀ kò jẹ́ kó lè lọ sójú iṣẹ́, sí ìwé yín, nígbà tí eyín kankan kò dùn yín, tí dókítà eyín àdúgbò yín sì ti ní kò sí ohun tó ń kánjú. Ó pẹ́ tí mo ti wà nínú Army Reserve, ẹgbẹ́ ológun ìpamọ́ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ mi níbẹ̀ sì ni kí n máa ran dókítà eyín lọ́wọ́. Dókítà àdúgbò ń tọ́jú ẹni tó lè padà wá bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ti ológun ń ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 12 níbi tí kò ti sí dókítà eyín nítòsí. Ìrora kọ́ ni wọ́n fi ń pín kíláàsì.

Ẹni tí kò nílò ìtọ́jú kankan wà ní Kíláàsì 1. Ẹni tó nílò ìtọ́jú, ṣùgbọ́n tí wọn kò retí pé yóò di pàjáwìrì láàárín oṣù 12, wà ní Kíláàsì 2, àwọn méjèèjì sì lè lọ sójú iṣẹ́. Kíláàsì 3 ni ti ẹni tí wọ́n retí pàjáwìrì lọ́dọ̀ rẹ̀: ihò tó ti jẹ wọnú eyín, ọyún ní ìdí gbòǹgbò, àrùn ẹran ìdí eyín tó ti le, tàbí eyín tó kù lẹ́nu tí kò tó fi jẹun. Kíláàsì 4 kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan nípa eyín. Àyẹ̀wò ẹni ló ti lé ní ọdún kan, tàbí kí ìwé rẹ̀ má sí nílẹ̀. Mo ti wà níbẹ̀ rí pẹ̀lú eyín tó pé, nítorí pé ọ́fíìsì kan gba fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò eyín mi tí wọn kò sì fi í sínú àkọsílẹ̀. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ló yọ mí.

Eyín tí mo bẹ̀rù jù ni eyín ọgbọ́n tó hù dé ìdajì, tí ẹran sì bo ìyókù rẹ̀, nítorí pé oúnjẹ máa ń há sábẹ́ ẹran náà. Ní ibùdó kékeré kan ní Afganísítàn, mo rí ọ̀dọ́ kan tí kò ráhùn eyín rí kó tó kúrò nílé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú títí tí kò fi lè so okùn àṣíborí rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, tí ẹnu rẹ̀ kò sì là ju ohun tí ṣíbí lè gbà lọ. Ọkọ̀ ológun ló gbé e lọ bá dókítà, àwọn tó ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà sì fi iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ mú DD 2813, fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò eyín ti iléeṣẹ́ ológun, lọ fún dókítà eyín yín, kí ẹ sì bi í léèrè ní tààrà bóyá eyín náà lè di pàjáwìrì kí oṣù 12 tó pé, kí ó wo X-ray kí ó tó dáhùn. Bó bá ní kí ẹ ṣe ìtọ́jú gbòǹgbò eyín, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ àyàfi bí àkókò bá wà láti parí rẹ̀, torí àbọ̀ iṣẹ́ lórí gbòǹgbò eyín á tún dá yín padà sí Kíláàsì 3 náà ni. Lọ́jọ́ tí ìtọ́jú bá parí, ẹ gba fọ́ọ̀mù tuntun tó ti fọwọ́ sí, torí kíláàsì yín kò ní yí padà fúnra rẹ̀.