Golf GTI tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Mọ̀pà sí Kábbà: ṣé yóò bá mi kalẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ọ̀gá wa. Tíṣà ni mí. Mọ̀pà ni mò ń gbé, Kábbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń lọ sí Lọ́kọ́jà lẹ́ẹ̀méjì lóṣù. Mo rí Golf GTI kan tó jẹ́ ti ọdún 2007, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì 2.0 tó ní tọ́bò, jíà ọ́tò. Máìlì 118,000 ló wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé ni ọkọ̀ yìí ti ń wù mí. Àwọn ará ilé mi ní kí n lọ ra Corolla kí ọkàn mi balẹ̀. Ó kéré tán, mo fẹ́ lò ó fún ọdún mẹ́fà. Ṣé yóò bá mi kalẹ́, àbí gbogbo owó oṣù mi ló máa jẹ tán?

ÌDÁHÙN: Okun o, tíṣà. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé èmi náà ti kó sí i. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń lo GTI ti 2006, jíà máńúà, mo sì ti tún bíi méjìlá irú rẹ̀ ṣe fún àwọn ará Kábbà, Ìyàrà àti Ìsánlú. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń yìn ín, ẹ yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tí mo bá ń bú u, ẹ gbà á bí mo ṣe sọ ọ́.

Ó lè bá yín kalẹ́. Àwọn nǹkan tó máa ń pa mọ́tò yìí kò ju mẹ́rin márùn-ún lọ, a sì mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń dé. Ẹni tó bá lọ pàdé wọn lọ́nà, ọkọ̀ rẹ̀ á máa sáré. Ẹni tó bá jókòó dè wọ́n, ẹ̀yìn tírélà ló máa bá ọkọ̀ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni orúkọ Golf yẹn. Golf tí a mọ̀ níbí ni Golf 3 tó ń kó iṣu àti èrò láti Bùnú wọ Kábbà, tí wọ́n á so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ okùn, tí kò sì ní sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ rí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Agbára ẹṣin 200 ló ní, bíi ìṣẹ́jú àáyá méje ló sì fi ń kúrò lórí òdo dé 100. GTI àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1976 kò ju agbára ẹṣin 110 lọ. Kí ẹ́ńjìnì kékeré tó lè ní irú agbára yìí, tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, pọ́ǹpù kan sì ń fi ipá tó le gan-an fín epo tààrà sínú sìlíńdà. Ibi pọ́ǹpù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Káḿṣáfútì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yípo láti ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì, ló ń tẹ pọ́ǹpù náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Láàárín àwọn méjèèjì ni irin kékeré kan wà tó dà bí ìdérí kálámù, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Cam follower ni àwọn tó ń ta páàtì ní Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Èkó, ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní fólówà. Wọ́n fi ohun dúdú kan pa á lára kí irin má baà máa jẹ irin. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, dúdú yẹn á ṣí, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, lẹ́yìn náà ó máa lu. Tó bá ti lu, ọ̀pá pọ́ǹpù á máa gbẹ́ káḿṣáfútì fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ máa ra káḿṣáfútì àti pọ́ǹpù nítorí irin tí owó rẹ̀ kò tó owó táyà kan. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré la fi de pọ́ǹpù náà. Tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù, kò gbà mí ju ogójì ìṣẹ́jú lọ láti tú u wò. Mo máa ń yẹ tèmi wò ní gbogbo kìlómítà 30,000, mo sì ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tí mo kọ́kọ́ yọ kúrò ṣì wà lórí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, ihò ti fẹ́ẹ̀ dá sí i. Òun ni mo máa ń fi han oníbàárà tó bá ní mo fẹ́ jẹ owó òun ni.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Máìlì 118,000 kì í ṣe kìlómítà. Ó ń lọ sí kìlómítà 190,000. Ó yẹ kí wọ́n ti wo fólówà yẹn nígbà mẹ́fà. Ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì jíà nígbà mẹ́ta. Ní ti bẹ́líìtì tó ń yí káḿṣáfútì, nǹkan bíi máìlì 110,000 ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, ó ti kọjá ibẹ̀. Ṣé ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀? Mi ò tíì rí tòkunbọ̀ tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á sí pé ẹnì kankan kò ṣe nǹkan kan.

Bẹ́líìtì yẹn kò gba àlàyé púpọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú tẹ́ńṣọ́nà tó ń fà á le àti pọ́ǹpù omi, torí bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Tó bá já lórí ìrìn, fáàfù àti písítínì á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnì lẹ máa rà.

Jíà ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú èyí tí ẹ rí. Ẹ̀yin pè é ní ọ́tò, àmọ́ kì í ṣe ọ́tò bíi ti Corolla. DSG ni. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú rẹ̀, inú ọ́ìlì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló sì ń pàṣẹ fún wọn. Tó bá pé, kò sí jíà tó dùn ún wà tó o, ẹ ò ní mọ ìgbà tó kúrò ní 2 bọ́ sí 3. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà rẹ̀ ní kìlómítà 60,000 síra. Ó máa ń gbà ju lítà márùn-ún lọ, a sì gbọ́dọ̀ fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wo bó ṣe gbóná sí nígbà tí a bá ń rọ ọ́, láàárín 35°C sí 45°C, kí a tó mọ̀ bóyá ó ti kún. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé ọ̀kan wá láti Ìsánlú. Mẹkáníìkì kan tí mi ò ní dárúkọ ti da ọ́ìlì pupa tí gbogbo wa ń rọ sí jíà ọ́tò sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà rìn fún bí oṣù mẹ́rin, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe nígbàkígbà tó bá fẹ́ gbéra. Lọ́jọ́ kan, gbogbo lẹ́tà jíà ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì dúró lójú òkè pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nínú rẹ̀. Owó tí wọ́n fi tún un ṣe lé ní ìlàjì owó ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá lè rí oní-máńúà, òun ni kí ẹ rà. Kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan níbí.

Nǹkan kan tún wà tí kì í pa ọkọ̀, àmọ́ tó máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn ná owó òfo. Nítorí pé inú sìlíńdà gan-an ni epo ń bọ́ sí, epo kì í fọ ẹ̀yìn fáàfù mọ́ bíi ti ẹ́ńjìnì àtijọ́. Èérí dúdú á máa gbára jọ síbẹ̀, ó máa le bí èédú. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n ní òwúrọ̀, agbára rẹ̀ á dín kù. Àwọn kan á ní plọ́ọ̀gì ni, wọ́n á ní kóìlì ni, wọ́n á ní ẹ ra íńjẹ́kítọ̀. Oògùn tí ẹ bá sì dà sínú táǹkì kò lè dé ibẹ̀. Ẹ máa tú ìdí ẹnu afẹ́fẹ́ ni, kí ẹ sì ha á pẹ̀lú ọwọ́. Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ló gbà mí, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń yà àwọn tó ni ọkọ̀ lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gbéra dáadáa tí kò wá lágbára mọ́ lójú òkè, tí sikánà sì gbé kóòdù P0299 jáde, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì kò tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà tọ́bò fún yín kí wọ́n tó wo rọ́bà inú fáàfù kékeré tó wà lára tọ́bò. Òun ló sábà máa ń ya.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì: 5W-40 tí wọ́n kọ VW 502 00 sí lára, díẹ̀ ló fi lé ní lítà mẹ́rin ààbọ̀. Ìwé ọkọ̀ lè ní kí ẹ jẹ́ kó pẹ́, àmọ́ ooru wa àti eruku ọyẹ́ kò sí nínú ìwé yẹn. Kìlómítà 7,000 ni mò ń pààrọ̀ tèmi. Omi rédíétọ̀ tó yẹ ẹ́ ni pupa tí wọ́n ń pè ní G12. Ẹ má po aláwọ̀ ewé mọ́ ọn.

Ní ti epo, ilé epo tí èrò ń pọ̀ sí ni kí ẹ ti máa rà á, kó má jẹ́ èyí tó ti sùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì wọn. Ẹ má ra ti inú jálá lẹ́bàá ọ̀nà rárá, bó ti wù kí epo wọ́n tó. Omi díẹ̀ tí Golf 3 máa mu tó máa fi wúkọ́ lásán, ó tó láti ba pọ́ǹpù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́. Kì í ṣe ọkọ̀ tó ń ṣọ́ epo jẹ o. Lójú ọ̀nà tiwa, tèmi ń mu bíi lítà mẹ́wàá ní kìlómítà 100, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹsẹ̀ bá wúwo. Ẹsẹ̀ yín á sì wúwo. Ẹ̀ ń gbọ́ mi.

Ó ku ọ̀nà. Láti Lọ́kọ́jà wá sí Ọbájànà, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ti sọ ọ̀nà di nǹkan mìíràn. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sórí kọnkéré láti Ọbájànà wá sí Kábbà, ọkọ̀ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á sì rẹ́rìn-ín. Mọ̀pà sí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́ ni kí ẹ rò dáadáa. GTI fi mìlímítà 15 sún mọ́ ilẹ̀ ju Golf lásán lọ. Táyà rẹ̀ tó jẹ́ 225/45 R17, ara rẹ̀ láti ráìmù dé ilẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Tó bá jẹ́ ráìmù 18 ni wọ́n fi sí i, mẹ́sàn-án ni. Kòtò kan péré lálẹ́, táyà á wú, ráìmù á tẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti ra ráìmù méjì láàárín oṣù márùn-ún, mo gbé ìgbéraga sílẹ̀, mo wá ráìmù 16 pẹ̀lú táyà 205/55. Gíga wọn fẹ́ẹ̀ dọ́gba, ara táyà ló nípọn sí i. Ẹ kọ́kọ́ dán ráìmù náà wò níwájú kí ẹ tó sanwó, torí bíréèkì iwájú rẹ̀ tóbi, kì í ṣe gbogbo ráìmù 16 ló ń gbà á. Àwọn rọ́bà lówà áàmù pẹ̀lú línkéèjì náà á máa lọ lọ́dọọdún. Wọn ò wọ́n.

Mi ò ní dárúkọ iye náírà, torí iye tí mo bá kọ lónìí á ti di ìtàn kí ẹ tó kà á. Àmọ́ tí owó tí ẹ ní bá jẹ́ iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́, ẹ má rà á. Kí ẹ ní ìdámẹ́rin owó yẹn lọ́wọ́ fún bẹ́líìtì, ọ́ìlì jíà, fólówà àti táyà, kí ẹ tó fi lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ará ilé yín kò sì purọ́ o. Páàtì Corolla wà ní Kábbà. Ti GTI, Ládípọ̀ ni mo ti máa pè é, wọ́n á fi wébììlì rán an, a máa dúró ní ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn a ó rí i pé èyí tí wọ́n rán kò bá a mu. Ta ló máa gbé yín dé kíláàsì lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn? Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀kadà nílé, tàbí ẹnìkejì tí ẹ lè bá wọkọ̀, kò burú. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni, ẹ ra Corolla, kí ẹ wá máa wa tèmi lọ́jọ́ Sátidé.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rí i, ẹ má san owó àsansílẹ̀ kankan síbẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ń tà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sítáàtì ọkọ̀ náà kí a tó dé. Èmi á mú sikánà àti fólówà tuntun kan lọ́wọ́. Tí a bá débẹ̀ tí mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti ń gbóná, a jẹ́ pé ó ní ohun tí kò fẹ́ kí a gbọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ẹ jẹ́ ká padà sílé ni.